Ẹrù Tí Mo Pè Ní Irin Àlòkù

Onínúfùfù èèyàn ni mí, n kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá mi máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi, mo kọ́kọ́ bínú ná kí n tó ké. Torí náà, bí mo bá sọ pé obìnrin kan wà ní Ìkẹjà tí mo jágbe mọ́ níwájú gbogbo èèyàn, tí mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún kí ọjọ́ náà tó ṣú, kò ní ya àwọn tó mọ̀ mí lẹ́nu. Ó ti pẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n n kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin yẹn tó, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Ìjọba alágbádá kò tíì pé ọdún mẹ́ta tó padà dé nígbà náà. Ilé-iṣẹ́ apoògùn kan ní Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Agége ni mo ń gbé. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún àwọn irinṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ṣe: òṣùwọ̀n kéékèèké tí wọ́n fi ń wọn oògùn, àti máíkírósíkóòpù, ìyẹn awò tí wọ́n fi ń wo ohun tí ojú lásán kò lè rí. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn èèyàn a máa gbé tiwọn wá bá mi nílé. Ilé búrẹ́dì kan wà lẹ́yìn ilé wa. Òórùn rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun rẹ̀ máa ń fẹ́ wọlé, àfi kí n ti gbogbo fèrèsé pa kí n tó tú awò ẹnikẹ́ni.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló fi èyí tí mò ń sọ yìí ránṣẹ́ sí mi láti Èkìtì. Ẹ̀gbọ́n mi ti kú ní ọdún kan àbọ̀ ṣáájú. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni tọkọtaya náà jọ kọ́, wọ́n sì ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ìlú wa, níbi tí àwọn aláìsàn ti ń wá mọ̀ bóyá ibà ló ń ṣe wọ́n tàbí taifọ́ọ̀dù. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kú, ẹbí jókòó láti pín ogún, wọn kò rí nǹkan gidi kan pín. Kò kọ́lé, kò ra mọ́tò. Inú bí mi sí òkú. Mo sọ ọ́ jáde láàárín ẹbí pé ẹ̀gbọ́n mi fi ogún ọdún ṣiṣẹ́, kò sì fi nǹkan kan sílẹ̀ fún ìyàwó àti ọmọ méjì. Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, ó gbọ́ ọ. Máíkírósíkóòpù yẹn wà lórí tábìlì nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó kà á mọ́ ogún.

Akọ̀wé mi ni ìyàwó wa yìí, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, máa ń pè mí. Nílé wa, ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ, òun fúnra rẹ̀ ló máa sọ ọ́ ní orúkọ tó wù ú. Ìwé ni mò ń kà ní ìyẹ̀wù lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wọlé, bí mo ṣe di Akọ̀wé nìyẹn. Nínú lẹ́tà tó fi sínú ẹrù náà, ó kọ ọ́ pé: "Akọ̀wé mi, ojú rẹ̀ ti ń ṣú. N kò rí kòkòrò ibà mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀, àfi kí n máa fojú dá a, ìyẹn ò sì dáa, ẹ̀mí èèyàn ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Òun ni mo fi ń bọ́ àwọn ọmọ yín."

Súẹ́tà ẹ̀gbọ́n mi ni ó fi wé e, súẹ́tà aláwọ̀ eérú kan tí ẹ̀gbọ́n mi máa ń wọ̀ nígbà ọyẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó wa yìí, tó jẹ́ àna wa, ló bá a gbé e wá sí Agége. Mo ti mọ̀ pé èbu á ti hù sínú awò, ọ̀rinrin ló máa ń fà á. Ohun tí n kò retí ni pé apá rẹ̀ ti tẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan jókòó lé e lórí. Mo wo àna wa, mo wo apá tó tẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní àwọn ń lọ, n kò sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Àna ni o, tó wá láti ọ̀nà jíjìn, mo jókòó síbi tí mo jókòó sí, mo ní ó dàbọ̀.

Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó tún un ṣe tán, tí mo sì tún fi súẹ́tà yẹn wé e sínú páálí kan. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ìyàwó wa kò rí iṣẹ́ ṣe. Àwọn aláìsàn ti ń wọ mọ́tò lọ ṣe àyẹ̀wò ní ìlú kejì, ẹni tó bá sì ti mọ ọ̀nà ibòmíràn, ó dọwọ́ orí kó tó padà. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí àwọn ọmọ wọlé sí sáà tuntun. Èmi kò lè gbé e lọ fúnra mi torí pé àwọn aṣojú ìjọba ń bọ̀ wá yẹ ilé-iṣẹ́ wa wò, wọ́n ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gba ìsinmi, Sátidé nìkan la fi ń sinmi, kò sì tó láti lọ Èkìtì kí n padà. Àfi kí n fi ránṣẹ́. Bó bá sì sọnù lọ́nà, n kò mọ ibi tí mo máa gbójú sí, nítorí kò sí ẹni nínú ẹbí wa tó lágbára láti ra òmíràn fún un.

Ibi tí mo kọ́kọ́ lọ ni gáréèjì Agége, lọ́dọ̀ awakọ̀ ìlú wa kan. Olóòótọ́ ni bàbá yẹn, kò sọ ẹrù ẹnikẹ́ni nù rí. Ṣùgbọ́n orí mọ́tò ni ó máa ń di gbogbo nǹkan sí, iṣu, epo pupa, àga, ewúrẹ́ pàápàá. Oṣù tó ṣáájú ìgbà náà ni epo dà sínú tẹlifíṣọ̀n ẹnì kan. Mo ní kí ó bá mi gbé ẹrù kan sórí itan, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta ni yóò wá wa mọ́tò.

Mo tún lọ sí Abúlé Ẹ̀gbá, níbi tí iléeṣẹ́ akẹ́rù kan ti gbé pátákó ńlá sókè, tí wọ́n ya ọkọ̀ òfuurufú sí. Mo bi ọkùnrin tó wà níbẹ̀ pé ọ̀nà wo ni mọ́tò wọn ń gbà lọ sí Èkìtì. Ó ní gbogbo ọ̀nà. Mo ní bí ẹrù bá sọnù ńkọ́? Ó ní Ọlọ́run ò ní jẹ́. Mo ní àmín, ṣùgbọ́n bó bá sọnù ńkọ́? Ó wò mí bí ẹni tó ń wo àjẹ́, ó ní kí n má máa fẹnu ara mi ṣépè fún ẹrù ara mi. Mo gbé ẹsẹ̀ mi kúrò níbẹ̀.

Ibi kẹta tí mo lọ wà ní Ìkẹjà, lójú ọ̀nà tó lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Ọ́fíìsì wọn kò ní ọ̀ṣọ́ kankan, bẹ́ńṣì kan, káńtà kan, àti òṣùwọ̀n kan nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe. Mo máa ń gbé ìwọ̀n idẹ kan kiri nínú àpò mi, kílò kan géérégé, òun ni mo fi ń dán òṣùwọ̀n wò níbi iṣẹ́. Nígbà tí wọn kò wò mí, mo yọ ọ́, mo gbé e lé òṣùwọ̀n wọn. Kílò kan ló sọ, kò lé, kò dín. Ní Èkó yìí, ẹni tí òṣùwọ̀n rẹ̀ kò parọ́ nígbà tí kò mọ̀ pé wọ́n ń wo òun, mo lè gbé ẹrù fún un.

Obìnrin tó wà ní káńtà ti lé ní àádọ́ta ọdún, ará Ìjẹ̀bú ni, ohùn rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ó fi okùn so awò ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ohun tí mo bá bi í ni ó ń dá mi lóhùn. Mọ́tò ń lọ sí Ìbàdàn lójoojúmọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pín ẹrù sí mọ́tò Èkìtì. Ẹni tó bá gba ẹrù gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé. Bí mo bá fẹ́ ìdójútòfò, n ó san díẹ̀ lé owó ẹrù, bí nǹkan bá sì ṣe é, wọ́n á san iye tí mo kọ sílẹ̀. Ó yí ìwé náà padà, ó ka ẹ̀yìn rẹ̀ sí mi létí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ka ẹ̀yìn ìwé, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà.

Mo gba bírò. Ibi tí wọ́n ti ní kí n kọ ohun tó wà nínú ẹrù, mo kọ "irin àlòkù". Ibi tí wọ́n ti ní kí n kọ iye rẹ̀, mo kọ iye tí irin àlòkù ń jẹ́.

Kí ẹ má rò pé owó ìdójútòfò ni mo fẹ́ yẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Bí ìyá mi bá ń lọ ra ọjà lọ́nà jíjìn, inú gààrí ló máa ń ri owó mọ́. Wúrà rẹ̀ kan ṣoṣo, inú àkísà ló ń gbé. Wọ́n kọ́ wa pé olè létí, ẹni tó bá pariwo ohun rere tó ní, òun ló ń pe olè wá. Nígbà tí mo kọ irin àlòkù yẹn, inú mi dùn sí ara mi, mo ní mo ti gbọ́n ju gbogbo gbéwiri ojú ọ̀nà lọ.

Obìnrin náà ka ìwé, ó gbé ojú sókè wò mí. N kò tíì gbé páálí náà sílẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé, orí itan mi ló wà, mo gbá a mọ́ra.

"Bọ̀dá, irin àlòkù lẹ gbé lé itan báyìí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ṣé ó dá yín lójú? Ohun tí ẹ bá kọ síbẹ̀ la máa tẹ̀lé o."

Inú ti ń bí mi. Mo ní, "Mà, èmi ni mo ni ẹrù mi, èmi ni mo mọ ohun tó wà níbẹ̀."

Ó ní ó dáa, ó sì lu òǹtẹ̀. Ọjọ́ Ajé nìyẹn. Wọ́n ní títí Ọjọ́rú, ẹrù á ti dé.

Ọjọ́rú kọjá, Ọjọ́bọ̀ kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ìyàwó wa pè mí ní ibi iṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi fóònù ṣòwò lábẹ́ agbòòrùn. Kò bínú, ìyẹn ló tilẹ̀ bà mí lọ́kàn jẹ́ jù. Ó ní, "Akọ̀wé mi, n kò tíì rí i o. Mo ti nu tábìlì sílẹ̀ dè é."

Bí mo ṣe dé ọ́fíìsì wọn ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, n kò mọ̀. Mo bá èèyàn lórí ìlà, mo kọjá lára gbogbo wọn, mo gbá ọwọ́ lé káńtà. Mo ní olè ni gbogbo wọn. Mo ní kí wọ́n mú ẹrù mi wá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, n ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà wọn, kò ní sí oníbàárà tó máa wọlé. Mo sọ àwọn ọ̀rọ̀ kan sí ìyá yẹn tí n kò ní kọ síbí. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ló gbé awò rẹ̀ sójú, ó ṣí ìwé ńlá kan, ó sì yí i sọ́dọ̀ mi.

"Ẹ bá mi ka ohun tí ẹ kọ."

Mo kà á. Irin àlòkù.

Ó ṣàlàyé fún mi, kò gbé ohùn sókè. Ó ní ẹrù tó bá jẹ́ ẹlẹgẹ́, tó sì níye lórí, òun ló ń kọ́kọ́ wọ mọ́tò, orí ìjókòó gan-an ni wọ́n máa ń gbé e sí. Irin ń dúró ni. Mọ́tò Èkìtì ti ń kún láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, torí náà irin àlòkù mi wà ní ilé ìkẹ́rùsí ní Ìbàdàn, láàárín àwọn irin yòókù, ó ń retí ọjọ́ tí àyè máa wà. Bó bá sì sọnù lónìí, wọ́n á san iye tí mo kọ fún mi, kíákíá, wọn kò ní jiyàn. Iye yẹn kò lè ra ojú awò kan ṣoṣo lára rẹ̀.

Gbogbo ìbínú mi wọlẹ̀ lọ. Mo kàn fojú inú rí ìyàwó wa níbi tó ti ń nu tábìlì. Mo sọ òótọ́ fún ìyá náà: ohun tó wà nínú ẹrù, ẹni tó ni í, ẹ̀gbọ́n mi tó kú, àwọn ọmọ, ìyá mi àti gààrí rẹ̀. Àwọn èèyàn tí mo já níwájú lórí ìlà ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ó ní, "Onígbá ló ń pe igbá rẹ̀ ní páńkàrá kí ayé tó bá a fi kólẹ̀. Ẹ̀yin lẹ pè é bẹ́ẹ̀, bọ̀dá. Àwa kàn bá yín pè é ni."

Ó lè fi mí sílẹ̀ níbẹ̀. Ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, òǹtẹ̀ wà lórí ìwé, mo sì ti bú u. Ṣùgbọ́n ó gbé tẹlifóònù, ó pe Ìbàdàn lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó wọlé. Ó ní kí olùtọ́jú ẹrù wá páálí náà, kó gbé e sórí tábìlì ara rẹ̀, kó má gbé ohunkóhun lé e, kódà kó má gbé ife tíì rẹ̀ lé e. Ó ní wọn kò lè yí ohun tó wà nínú ìwé padà láìjẹ́ pé wọ́n tú ẹrù náà wò lójú ẹni tó ni í. Nítorí náà kí n bá mọ́tò wọn lọ sí Ìbàdàn láàárọ̀ Sátidé. Ọjọ́ ìsinmi tirẹ̀ ni Sátidé, ó ní òun á wá jókòó ti tẹlifóònù nítorí mi. Ibẹ̀ ni mo ti dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde, mò ń dí ìlà lọ́wọ́.

Ní Ìbàdàn, páálí náà wà lórí tábìlì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun títí di ọjọ́ Ẹtì, abẹ́ ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ kan ló ti wà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti rì wọnú, epo dúdú ti mu ún. Olùtọ́jú ẹrù bá mi gé okùn rẹ̀. Epo ti ba súẹ́tà ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ láti èjìká dé apá. Mo tú u, ìpele kan, ìpele kejì. Ìpele kẹta gbẹ.

Mo gbé máíkírósíkóòpù náà sí ẹnu fèrèsé, kí dígí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè gba ìmọ́lẹ̀. Kókó tí wọ́n fi ń yí i ti wọ́ díẹ̀, mo fi ìtúdè kékeré tí mo fi ń tú irinṣẹ́, tó wà nínú àpò mi, tọ́ ọ padà. N kò ní ẹ̀jẹ̀ tí n ó fi dán an wò, mo bá fa fọ́nrán òwú kan yọ lára súẹ́tà yẹn, mo fi sábẹ́ rẹ̀. Mo rí i kedere, irun òwú náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe lọ́ mọ́ra. Mo sunkún níbẹ̀. Olùtọ́jú ẹrù ṣe bí ẹni tí kò rí mi.

Ó mú ìwé tuntun wá. Mo kọ ohun tó wà nínú ẹrù gẹ́gẹ́ bó ṣe jẹ́. Nígbà tó kan iye, n kò mọ ohun tí mo máa kọ, torí n kò mọ iye tí ẹ̀gbọ́n mi rà á. A pe Ìkẹjà. Ìyá náà ti wà níbẹ̀, ìró àkọ́kọ́ gan-an ló gbé e.

Ó ní, "Ẹ má kọ iye tí wọ́n rà á nígbà kan. Ẹ kọ iye tí ẹ máa ná lónìí kí irú rẹ̀ tó tún dé orí tábìlì obìnrin yẹn."

Ìyẹn ni mo mọ̀, nítorí ilé-iṣẹ́ wa ń ra irú rẹ̀. Mo kọ ọ́. Olùtọ́jú ẹrù wo iye náà, ó súfèé. Ó ní owó yìí ra mọ́tò tòkunbọ̀ kan, ó sì tún ṣẹ́ kù. Ó lẹ ìwé tuntun mọ́ ara páálí tuntun tó wá fún mi, mo sì san ohun tó kù. Ó ya ìwé àkọ́kọ́ kúrò lára páálí tó bàjẹ́, ó fi pín-ìnnì so ó mọ́ ẹ̀yìn tuntun, ó ní bí òfin wọn ṣe wí nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo ra búrẹ́dì gbígbóná mẹ́ta lẹ́yìn ilé wa, mo gbé e lọ sí Ìkẹjà kí n tó wọ ibi iṣẹ́. Mo gbé e lé káńtà. Ìyá náà wò ó láti òkè awò rẹ̀, ó bi mí pé kí ló wà níbẹ̀. Mo ní búrẹ́dì ni, mà, mẹ́ta, kò tíì tutù. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà á. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń bá wọn kó ẹrù, títí ìyá náà fi fẹ̀yìn tì. N kò tún pe ohun tó níye lórí ní orúkọ mìíràn mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìyàwó wa pè. Ó ní òun ti gbà á, òun ti fọwọ́ sí i, aláìsàn mẹ́rin ló ti jókòó lórí bẹ́ńṣì láàárọ̀ yẹn. Ó wá ní, "Akọ̀wé mi, ìwé kan wà lẹ́yìn ìwé ara ẹrù yìí. Ta ló kọ irin àlòkù síbẹ̀?"

Mo jẹ́wọ́. Mo retí pé kó bínú. Ẹ̀rín ni mo gbọ́, ẹ̀rín tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti sin ẹ̀gbọ́n mi.

Ó ní, "Èmi náà parọ́. Ẹ̀rọ ìlọta tó bàjẹ́ ni mo pè é fún ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí wọ́n ń gbé e bọ̀ wá bá yín. Wọ́n ní inú mọ́tò kún, orí rẹ̀ làwọn jókòó sí dé Èkó. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ni mo ti kọ́ ọ. Ohun tí wọ́n pè é fún awakọ̀ nìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n rà á bọ̀, inú súẹ́tà yìí kan náà ni wọ́n wé e sí."

Mo rántí àna wa tí n kò sìn dé ẹnu ọ̀nà, ojú tì mí. Mo lọ bẹ̀ wọ́n ní ọdún Àjíǹde tó tẹ̀ lé e.

Ìyàwó wa kò tíì gbé fóònù sílẹ̀. Mo gbọ́ tí bébà ń dún lọ́wọ́ rẹ̀.

"Iye tí wọ́n kọ sínú ìwé kejì yìí, ṣé bó ṣe tó nìyí lóòótọ́?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, láìsí ìbínú kankan, pé, "Akọ̀wé mi, nígbà náà, ẹ̀gbọ́n yín fi nǹkan sílẹ̀ fún mi."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n fi í sílẹ̀.